Ọjọ́ Tí Agbádá Mi Di Káìtì

Bùbá ló fa gbogbo ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bú agbádá mi, kí ẹnikẹ́ni má sì di ẹ̀bi ru atẹ́gùn ìlú Washington.

Láti ìgbà tí ìyá ìyàwó mi ti balẹ̀ sí Maryland, lẹ́bàá Washington, láti wá bá wa tọ́jú àwọn ìbejì ni oúnjẹ ilé wa ti yàtọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá, ìlú tí wọ́n ní wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Mo ti rò pé wọ́n kàn fi ń dá àwọn ará ibẹ̀ lápàárá ni, àfi ìgbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé láfún síwájú mi ní aago méje àárọ̀. Nígbà tí òtútù fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, bùbá léèsì funfun mi ò gba ikùn mi mọ́. Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo mí èémí sínú, mo fà á, bọ́tìnnì kan ta pá, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo dígí. Mo ní, kí wá ni tìjà níbẹ̀? Ṣebí agbádá ló máa bo gbogbo ẹ̀. Mo fa tí-ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ láàárín àwọn aṣọ tí a ò tíì ká, mo wọ̀ ọ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé agbádá lé e, ó parí.

Ẹ lè bi mí pé ta ló fi agbádá rán mi níṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ni, tí a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, tó ń gbé ní Houston báyìí. Ní Texas, tí ìgbà ìrúwé bá ti dé, òdòdó búlúù kan tí wọ́n ń pè ní bluebonnet máa ń bo ẹ̀bá títì, tẹbí tará á sì wọ aṣọ ire lọ jókòó sáàárín rẹ̀ láti ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni yìí wọ agbádá, ó jókòó sáàárín òdòdó bí ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, ó gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Gbogbo ẹgbẹ́ ń kí i bí ẹni tó kọ́lé. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ará Washington, ṣé igi ń bẹ lọ́dọ̀ tiyín?"

Igi! Èmi tí mò ń gbé níbi tí gbogbo ayé ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wo òdòdó igi cherry!

A wọ réluwéè ní New Carrollton: èmi, ìyàwó mi, Màmá, àwọn ìbejì nínú kẹ̀kẹ́ wọn, àti àkọ́bí mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, tí ẹnu ẹ̀ ò kúrò lórí káìtì. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, kò sí àyè ẹsẹ̀ mọ́ nínú ọkọ̀. Màmá wọ̀tún, wọ́n wòsì, wọ́n rọra fa etí agbádá mi.

"Bàbá Ìbejì, òde ta ni gbogbo àwọn yìí ń lọ?"

"Òdòdó ni wọ́n ń lọ wò, Màmá."

"Èyí tí wọ́n máa jẹ ni, àbí èyí tí wọ́n máa tà?"

"Wíwò lásán ni, Màmá."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀ ní ibùdó Smithsonian. Mo mọ̀ pé wọ́n ń rò ó ni.

Kí n má parọ́, òdòdó yẹn rẹwà. Àwọn igi náà yí omi tí wọ́n ń pè ní Tidal Basin ká, àwọn ẹ̀ka kan tẹ̀ dé ojú omi, òdòdó orí wọn funfun, àmọ́ ó fi pupa díẹ̀ ṣeré, bí ìgbà tí ẹ̀kán zobo kan bá bọ́ sínú ife mílíìkì. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú, wọ́n á máa já bọ́ lé èèyàn lórí bí ẹni pé wọ́n ń náwó fún wa lójú agbo. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí onílẹ̀.

"Ìlú Tokyo ló fi wọ́n ta ibí yìí lọ́rẹ, Màmá. 2,000 ni wọ́n kọ́kọ́ kó wá ní ọdún 1910, àmọ́ kòkòrò àti àrùn wà lára wọn, ni ìjọba bá dáná sun gbogbo ẹ̀."

Màmá dúró gbagidi. "Wọ́n dáná sun ẹ̀bùn? Ojú ẹni tó fún wọn ńkọ́?"

"Wọ́n tún kó òmíràn wá ní 1912. 3,020. Helen Taft tó jẹ́ ìyàwó ààrẹ àti ìyàwó aṣojú Japan ló gbin méjì àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta."

"Àwọn ará Japan mà ní sùúrù o. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ ò ní rí ewé kan gbà lọ́wọ́ mi mọ́. Ìgbà wo ló ń so?"

"Kì í so èso tó ṣe é jẹ, Màmá."

Wọ́n wo igi, wọ́n wo èrò, wọ́n wo èmi tí mo sanwó ọkọ̀ èèyàn mẹ́rin. Mo rò pé kí n fi ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ kan wà ní National Park Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́, tó ń ṣọ́ àwọn òdòdó yìí láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní èéhù, tí 70 nínú 100 bá ti là, wọ́n á kéde fún aráyé pé ó ti tó wò.

"Ìjọba ń san owó oṣù fún ẹni tó ń ka òdòdó?" Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá àbúrò àwọn tó wà ní Ṣakí wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gbìn ló kọ́, kò sì ríṣẹ́.

Ó yẹ kí n ti panu mọ́ níbẹ̀. Dípò ìyẹn, mo tún sọ ti igi kan tí inú ẹ̀ ti ṣófo, tó ku èèpo lásán, síbẹ̀ tó ń tanná lọ́dọọdún, tí àwọn èèyàn ń pè ní Stumpy. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ògiri etí omi ṣe ní 2024, ó wà lára àwọn igi tó lé ní ọgọ́rùn-ún tí wọ́n gé. Àwọn èèyàn wá ń dágbére fún un, àwọn míì sunkún.

"Igi ni wọ́n sunkún fún?"

"Igi ni o, Màmá."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ síbi káìtì tí ọmọ yìí ń sọ."

Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ dúró sábẹ́ igi kí òun yà mí. Mo ní rárá o, ó dìgbà tí òpó Washington Monument bá wà lẹ́yìn mi gbọnrangandan, kí ará Houston yẹn lè mọ̀ pé kì í ṣe inú igbó ni mo wà. Ká ní mo gbà fún obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

Ìdí òpó yẹn, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 555, ni wọ́n ti máa ń ṣọdún káìtì tó wà lára ayẹyẹ òdòdó náà. Ọdún 1967 ló ti bẹ̀rẹ̀. Paul Garber tó kó àwọn ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ jọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ló dá a sílẹ̀. Ojú ọ̀run kún bámúbámú: ẹja, labalábá, ejò tó gùn bí ọ̀nà ìrìnàjò. Mo ra ọ̀kan fún ọmọ mi. Ó sáré títí, káìtì ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀ bí ajá.

Mo ní, "Gbé e wá."

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀. Ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tó mọ káìtì ṣe tó mi. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì la fi ń ṣe eegun ẹ̀, bébà àárín ìwé ìṣirò lara ẹ̀, fùfú tútù la fi ń lẹ̀ ẹ́, àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìrù. Ìyá mi nà mí nítorí ìgbálẹ̀, olùkọ́ nà mí nítorí ìwé. Ẹni tí wọ́n ti nà tó bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ kan, ó yẹ kí wọ́n ti fún un ní sàtífíkéètì.

Káìtì gbéra. Mo tú okùn sí i, mo fà á, mo tún tú u. Ọmọ mi ń fò sókè. Mò ń fi ẹ̀yìn rìn, ojú mi wà lọ́run, apá agbádá mi ti já bọ́ léjìká, ó ń gbọ̀n pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́.

"Bàbá Ìbejì," Màmá ké sí mi, "atẹ́gùn yìí mà ń le sí i o. Ẹ ká apá agbádá yín."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Mi ò mọ̀ pé mo ti fi ẹ̀yìn rìn kọjá okùn tí wọ́n fi pààlà. Lódìkejì okùn yẹn, àwọn ògbóǹtarìgì ń fi káìtì jà. Rokkaku ni wọ́n ń pè é, káìtì àwọn ará Japan tó ní igun mẹ́fà, òmíràn tóbi tó ilẹ̀kùn. Wọ́n á máa lé ara wọn kiri lókè, kálukú ń wá bó ṣe máa já okùn ẹnìkejì tàbí kó fà á bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kẹ́yìn lókè ló borí.

Ọ̀kan bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló bọ́ lé, gbì! Okùn ẹ̀ wé mọ́ apá òsì agbádá mi. Bàbá òyìnbó arúgbó tó ni ín wọ ìbọ̀wọ́, ó rò pé káìtì òun ṣì wà lójú ìjà, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára. Atẹ́gùn náà ò fi àkókò ṣòfò, ó gba abẹ́ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ agbádá, ẹ mọ̀ pé aṣọ tó tó kọ́tìnnì pálọ̀ ló wà lọ́rùn wa. Gbogbo ẹ̀ kún fọ́fọ́, ó gba ikùn mi kọjá, ó gba àyà mi, ó sì bò mí lórí porogodo. Mi ò rí nǹkan kan mọ́ àfi funfun, àti ìmọ́lẹ̀ tó ń yọjú tínrín-tínrín nínú ihò léèsì.

Ẹni tó bá gbọ́n á dúró sójú kan. Èmi yà sọ́tùn-ún, bàbá yẹn fà mí sósì. Okùn káìtì ọmọ mi sì wà lọ́wọ́ mi, mi ò jẹ́ jù ú sílẹ̀, ọmọ Òkè-Àdó kì í ju okùn. Káìtì kan ń fà mí lọ sókè, òmíràn ń fà mí sẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ẹni tó wà nídìí máìkì ń sọ pé káìtì tuntun ti wọ pápá o, funfun ni, òun ò sì rí orúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi ń ké pé, "Dádì, ẹ má já káìtì mi o!"

Àárín àtẹ́wọ́ yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn Màmá.

"Yéè! Bàbá mi! Bàbá mi rèé o!"

Mo rò pé èmi ni wọ́n ń pè. Mo dáhùn nínú agbádá, "Màmá, mo wà níbí!"

"Kì í ṣe ẹ̀yin!"

Tí-ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fà yọ láàárọ̀, èyí tí wọ́n pín níbi òkú bàbá tó bí Màmá ni. Ojú Bàbá ló gba iwájú ẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n dé abetí-ajá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láfún ti fẹ ikùn mi, ikùn mi sì ti fẹ Bàbá lójú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún ju bó ṣe rí nígbà tí wọ́n wà láyé. Agbádá bo orí tèmi. Orí Bàbá ló wà níta.

Màmá kúnlẹ̀ lórí koríko, ó di oríkì. Wọ́n ki Bàbá délé, wọ́n kì wọ́n dóko. Àwọn òyìnbó tó wà nítòsí rò pé ó wà lára ètò ọjọ́ náà ni, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkùnrin kan tilẹ̀ ṣí fìlà. Ìyàwó mi, tó búra níwájú pásítọ̀ pé òun á dúró tì mí lọ́jọ́ ìṣòro, dúró tì mí lóòótọ́. Ó ń ya fọ́tò.

Bàbá arúgbó yẹn ló wá tú mi sílẹ̀. Ó mú sáàsì jáde, mo rí òjìji sáàsì náà lára léèsì, mo lọgun pé okùn ni kó gé, kó má fọwọ́ kan aṣọ! Ó gé okùn tiẹ̀. Nígbà tí orí mi jáde, ó bẹ̀ mí títí, ó ní òun ti ń bọ̀ níbí látọjọ́ pípẹ́, òun ò tíì rí káìtì tó ń sọ̀rọ̀ rí. Ihò tó wà lápá agbádá yẹn gba àtàǹpàkò mi títí dòní.

Kí a tó délé, fọ́tò ti dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé àti ibi tí kò yẹ. Ará Houston kọ̀wé sí mi lálẹ́: "Mo rí agbádá. Mo rí òpó. Mo rí káìtì. Ta ni bàbá àgbà yìí?" Mi ò dá a lóhùn.

Màmá padà sílé ní oṣù Kẹfà. Lọ́jọ́ kan tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí a ń wo ara wa, wọ́n yí fóònù sára ògiri pálọ̀ kí n lè rí nǹkan. Wọ́n ti mú kí fọ́tò náà fẹ̀ sí i, wọ́n fi férémù oníwúrà sí i. Òpó wà lẹ́yìn, káìtì kún ojú ọ̀run, Bàbá wà láàárín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, léèsì funfun ń fẹ́ lókè orí wọn bí agboòrùn ọba. Màmá ní gbogbo àlejò tó bá ti wọlé ló ń bi àwọn pé ìgbà wo ni Bàbá lọ sí Amẹ́ríkà.

"Kí lẹ wá ń dá wọn lóhùn, Màmá?"

"Mo ní ìgbà òdòdó ni."