Nígbà Wo Ló Máa Ń Kọ̀? Ohun Tí Honda Bullet Kọ́ Mi Nípa Mọ́tò Tí Kì Í Fẹ́ Sítáàtì

Bí mọ́tò ínjẹ́kítọ̀ (èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí bí epo ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀) tó ti dàgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagídí kó tó sítáàtì, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó ni ín ni pé: nígbà wo ló máa ń kọ̀? Ṣé láàárọ̀ kùtù ni, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù? Àbí lẹ́yìn tí ẹ ti wà á dé ọjà, tí ẹ pa á fúngbà díẹ̀, tí ẹ wá padà sídìí rẹ̀? Àbí ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rí ìdáhùn kan pàtó fún mi. Wọn á ní, "Ó kàn ń dà mí láàmú ni." Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan: púlọ́ọ̀gì tó ń tanná lónìí, pọ́ọ̀ǹpù epo lọ́la, nọ́sù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì lọ́túnla. Owó á lọ, agídí mọ́tò á sì jókòó síbẹ̀.

Honda Accord ọdún 1995 ni mo ń wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Bullet. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Àpáta ní Ìbàdàn ni mo ń gbé, Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, mi ò ní tíì yí kọ́kọ́rọ́ tán tó fi máa sítáàtì. Ọ̀sán ni wàhálà rẹ̀. Tí mo bá gbé e sínú oòrùn, tí mo ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, nígbà tí mo bá padà débẹ̀, kíki-sítátà á máa yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, ó hàn pé bátìrì ò jẹ̀bi, àmọ́ kò ní gbaná. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́ sí i títí inú rẹ̀ fi rọlẹ̀, á sítáàtì wẹ́rẹ́. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ní pọ́ọ̀ǹpù ló ti gbó. Àwọn mìíràn ní bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló jóná. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí ọkàn mi balẹ̀.

Bàbá rẹ̀wáyà kan ní Mọ́kọ́lá ló là mí lójú. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí mo débẹ̀. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ń kọ̀ báyìí?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá, ọ̀sán ló máa ń kọ̀." Ó ní, "Gbé e sínú oòrùn yẹn, kí o ti fèrèsé rẹ̀, kí o wá jókòó. Ìgbà tó bá kọ̀ la ó tó bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání ju gbogbo èyí tó kù lọ. Kí mọ́tò ínjẹ́kítọ̀ tó lè sítáàtì, kíki-sítátà gbọ́dọ̀ yí ẹ́ńjìnnì kíákíá tó, iná gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu púlọ́ọ̀gì lásìkò, epo gbọ́dọ̀ dé nọ́sù pẹ̀lú agbára, atẹ́gùn sì gbọ́dọ̀ wọlé níwọ̀n. Nígbà tí mọ́tò bá kọ̀, ọ̀kan nínú wọn ló ń sá lọ. Tó bá ti sítáàtì tán, gbogbo wọn ti pé padà nìyẹn, ó sì máa ń ṣòro fún ẹ̀rọ láti sọ fún yín èyí tó sá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yẹ mọ́tò wò láàárọ̀ ní gáréèjì tí wọn ò rí nǹkan kan, tí á tún wá dá olówó rẹ̀ dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà.

Nígbà tí inú mọ́tò gbóná tán, Bàbá ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, kí n má kíìkì rẹ̀. Lórí Honda ayé ìgbà yẹn, iná Check Engine á tàn fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì, á sì kú. Láàárín àkókò yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn pọ́ọ̀ǹpù níbi tí táǹkì wà lẹ́yìn, tí á kùn díẹ̀ tí á sì dákẹ́. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án yẹn, iná tàn, iná kú, ẹ̀yìn dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá ní kí n kíìkì rẹ̀ kí òun yẹ iná púlọ́ọ̀gì wò. Iná wà, ó funfun, ó lágbára. Iná wà, epo ò sí. Ó na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó yọ àpótí kékeré kan jáde, ó ní, "Main relay rẹ nìyí."

Rìléè yìí ló ń gbé iná fún pọ́ọ̀ǹpù epo, òun náà ló ń gbé e fún bíréènì bọ́ọ̀sì àti nọ́sù. Nígbà tó ṣí i, ó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá hàn mí: òjé tó so ẹsẹ̀ rìléè mọ́ pátákó rẹ̀ ti sán yí ká, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Bí ooru bá mú un, ojú sísán náà á ṣí, iná ò ní kọjá sọ́dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Bó bá tutù, ó tún pàdé. Àìsàn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Honda àwọn ọdún 1990 ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Ó fi áyọ́ọ̀nù jó òjé tuntun sí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dá a padà. Mo ṣì ń lo rìléè yẹn dòní.

Ẹ jẹ́ kí n fi òdìkejì rẹ̀ kún un. Ká ní pọ́ọ̀ǹpù ń kùn, tí iná púlọ́ọ̀gì ni kò sí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́dọ̀ rìléè. Inú distributor, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ni ká yíjú sí. Kọ́ìlì tó ń sọ iná di alágbára àti ignition module tó ń darí rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lórí irú mọ́tò yìí, àwọn méjèèjì sì máa ń kọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbóná. Ẹ wo abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí sí, nígbà tí ẹ bá ń kíìkì: bí kò bá mì rárá, ibẹ̀ náà ló ń nawọ́ sí. Àmọ́ o, bí ẹ bá fẹ́ yẹ iná púlọ́ọ̀gì wò, ẹ jẹ́ kí irin ara púlọ́ọ̀gì kan irin ẹ́ńjìnnì dáadáa, ẹ má fọwọ́ lásán dì í mú, kí epo tó dànù má sì sí nítòsí. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tí irun apá rẹ̀ jó tán nídìí irú nǹkan báyìí.

Àárọ̀ ni tàwọn mìíràn, ìyẹn sì ní olè tirẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Challenge ní Camry 1999, Tiny Light. Lásìkò ọyẹ́, á kíìkì kíìkì kó tó gbà, bó bá sì gbà tán, á máa gbọ̀n. Tó bá ti gbóná, kò ní wàhálà kankan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n ti fọ nọ́sù. Nígbà tí mo ní kí wọ́n so ẹ̀rọ skáànì, èyí tó ń ka ohun tí bíréènì bọ́ọ̀sì ń rí, mọ́ ọn láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sítáàtì rẹ̀, ẹ̀rọ náà ní omi ẹ́ńjìnnì wà ní −40°C. Kò sí àárọ̀ ọyẹ́ kan ní Ìbàdàn tó sún mọ́ ìyẹn. Iye tí ẹ̀rọ máa ń gbé jáde nìyẹn tí wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná omi bá ti já. Nígbà tí Toyota bá rí irú ìyẹn, bíréènì bọ́ọ̀sì kì í gbà á gbọ́. Á kàn ṣe bí ẹni pé omi wà ní 80°C. Ìwọ̀n epo tó yẹ ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ló ń fún ẹ́ńjìnnì tútù, epo náà ò sì tó o. Tó bá gbóná lóòótọ́, irọ́ náà á di òtítọ́, ìṣòro á lọ. Iná Check Engine ti ń tàn tipẹ́, àwọn kan ló ní kó má dá a lóhùn.

Níbo ni wáyà ti já? Níbi tí wọ́n ti yọ tẹ́mosítáàtì. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò tẹ́mosítáàtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìgbóná tó yẹ ẹ́. Ti Honda mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bíi 78°C. Bí ẹ bá yọ ọ́ dànù, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ nínú òtútù, bíréènì bọ́ọ̀sì á máa da epo sí i láìdákẹ́, púlọ́ọ̀gì á dúdú, epo á máa tán wìtìwìtì, sísítáàtì á sì di ogun. Bí mọ́tò bá ń gbóná jù, rádíétọ̀ tàbí fáànù tàbí ibi tí omi ti ń jò ni ká wá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí mọ́tò rere ni wọ́n ń bà jẹ́ báyìí lójoojúmọ́.

Fún mọ́tò tó dàgbà ju 1996 lọ bíi tèmi, ẹ̀rọ skáànì tó ń lo ìlànà OBD2 lè má bá a mu, torí ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan. Lórí Honda, ihò wáyà ẹlẹ́nu méjì kan wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ẹ fi wáyà kékeré so ẹnu méjèèjì pọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, kí ẹ wá ka bí iná Check Engine ṣe ń ṣẹ́jú: èyí tó gùn jẹ́ mẹ́wàá, èyí tó kúrú jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá ṣẹ́jú kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹfà, sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ni.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé epo ló sá padà sí táǹkì mọ́jú. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, ẹ dúró díẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó kíìkì. Bó bá gbà lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé agbára epo kò dúró nínú páìpù. Ẹ fa hóòsì kékeré tó wà lórí regulator epo, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso agbára epo, yọ. Bí epo bá rin ín, awọ inú regulator ti ya. Bó bá gbẹ, ó lè jẹ́ pọ́ọ̀ǹpù ni kò di epo mú mọ́, tàbí nọ́sù kan ń jò. Èyí tó ń jò máa ń fi ara rẹ̀ hàn: òórùn epo, èéfín dúdú bó bá gbà. Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ akisẹlérétọ̀ dé ilẹ̀ tí ẹ ń kíìkì, bíréènì bọ́ọ̀sì á dá epo dúró, ẹ́ńjìnnì á sì lè gbẹ kó sítáàtì. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ kì í tan pọ́ọ̀ǹpù ní ON, àfi tí ẹ bá ń kíìkì, nítorí náà ìdánwò kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ní fún yín lésì lórí wọn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ wa ló ń wa mọ́tò pẹ̀lú iná táǹkì tó ń tàn. Mo mọ ohun tí epo ń ná ni, àmọ́ epo tó wà nínú táǹkì ló ń tu pọ́ọ̀ǹpù lára. Kí ó máa dé ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì, ó kéré tán. Epo inú jálá sì rèé, ẹ da díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ kedere kó fara balẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí i.

Bátìrì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: 12.6 fóòtì nígbà tó bá kún, kó má sì já wálẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí ẹ bá ń kíìkì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ kan akisẹlérétọ̀ nìkan ló ń gbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà atẹ́gùn ló dọ̀tí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì, àti ẹ̀rọ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní atẹ́gùn nígbà tí ẹ ò bá tẹ akisẹlérétọ̀.

Bó bá wá kan pé kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi ní ọjà Géètì, ẹ mú mítà tó ń wọn ohm (bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó) dání. Ní 20°C, ó yẹ kó wà láàárín 2,000 sí 3,000 ohm. Ní 80°C, 200 sí 400. Ẹ bẹ olùtajà fún omi gbígbóná díẹ̀ nínú ife, ẹ ti ẹnu sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ máa wo nọ́ńbà bó ṣe ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dúró gbagidi tàbí tó ń fò káàkiri, ẹ dá a padà fún un kí ẹ tó sanwó.