Ohun Tí Lẹ́ǹsì Kò Lè Fà Mọ́ra

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi dé etí adágún náà. Ìrìn wákàtí kan gbáko ni láti ibi tí ọkọ̀ já wa sí, kámẹ́rà léjìká mi, àgọ́ àti àpò bátìrì lẹ́yìn tiwọn. Nítorí ẹ̀gà ni mo ṣe wá. Igi kan na apá sórí omi níbẹ̀, ìtẹ́ ẹ̀gà sì so rọ̀ lára rẹ̀ bí èso.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo dúró ní nǹkan bí mítà 40, mo fi lẹ́ǹsì gígùn wo akọ kan tó ń hun ilé. Ó sorí kodò, ó fi ẹnu ki ewé tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò, ó yí orí, ó fà á yọ ní òdì kejì. Àwòrán náà dùn ún wò débi pé mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Lálẹ́, a ṣí fídíò náà nínú àgọ́. Afẹ́fẹ́ nìkan la gbọ́, gbì-gbì-gbì bí ẹni ń lu awọ, mọ́tò kékeré inú lẹ́ǹsì sì ń dá sí i. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ pàápàá, bí àwọn ẹyẹ bá ti dákẹ́, kámẹ́rà á gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀, ariwo ṣìì á kún ibẹ̀. Bí ẹyẹ bá ké, á tún tẹ ohùn rì. Ó dùn mí gan-an. Ẹyẹ tó ń fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ níwájú mi, mi ò gbọ́ ìró kan lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àbúrò, lẹ́ǹsì rẹ lè fa ẹyẹ mọ́ra. Kò lè fa ohùn rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sùn. Ní gbangba ìta, bí a bá dín àlàfo àárín gbohùngbohùn (máíkì) àti ẹyẹ kù sí ìdajì, ohùn ẹyẹ á fi nǹkan bí dẹ̀síbẹ̀lì 6 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) ga sí i. Láti mítà 40 sí 20, sí 10, sí 5: dẹ̀síbẹ̀lì 18 nìyẹn, láìpààrọ̀ ẹ̀rọ kankan. Kámẹ́rà lè dúró lókèèrè. Gbohùngbohùn ló yẹ kó súnmọ́.

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ kejì, kí àwọn ẹ̀gà tó jí, mo so ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré mọ́ ìdí igi náà. Mo wọ aṣọ onírun fún gbohùngbohùn rẹ̀, nítorí irun náà ló ń tú afẹ́fẹ́ ká kó tó kọlu ojú rẹ̀. Mo pa ètò tó ń yí ohùn fúnra rẹ̀, mo fi ìwọ̀n ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ sí 48 kHz àti bit 24 kí ohùn lè mọ́ kedere, mo sì fi àyè sílẹ̀ lókè kí igbe tó le jù má baà kọjá dẹ̀síbẹ̀lì −12 lójú ẹ̀rọ náà, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin ohun tó lè gbà. Mo kúrò níbẹ̀ kíá. Bí ẹyẹ bá dákẹ́ nítorí mi, mo ti súnmọ́ jù. Mi ò sì ní fi ohùn ẹyẹ tí mo gbà sílẹ̀ tan ẹyẹ mìíràn jáde láé nítorí fídíò.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti fò lọ wá oúnjẹ, mo padà lọ gbé e, kámẹ́rà ṣì ń yà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan níwájú ẹ̀rọ. Ibi tí ojú rí i pé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pàdé ni mo fi so àwòrán àti ohùn pọ̀. Ẹ má fi ohùn inú kámẹ́rà ṣe é o. Nǹkan bí mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àtẹ́wọ́ mi ti pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà.

Ní ọjọ́ kẹta, a kàn jókòó, a gba ohùn ibẹ̀ lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: omi, kòkòrò, ewé. Òun ni mo tẹ́ sábẹ́ àwọn ibi tí mo ti gé fídíò, kí etí má baà ta gìrì. Ẹ̀ẹ̀mejì la tún un bẹ̀rẹ̀, bàálù kọjá, lẹ́yìn náà aṣọ òjò mi ń dún.

Ní 1889, ọmọ ọdún 8 kan ní Jámánì, Ludwig Koch, gba ohùn ẹyẹ tí wọ́n ń sìn nínú ilé sórí sílíńdà oní-ìda. Òun ló wá sí mi lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ náà tí mo fi headphone sétí. Akọ ẹ̀gà náà tún sorí kodò lójú mi, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ bí ewé ṣe ń gba inú ihò kọjá, fàà, fàà, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń lu ara ìtẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, wọ́n gba headphone náà. Wọn ò dá a padà títí bátìrì fi kú.