Ibi tí "wọ́n" ti di "ó"

Ọjọ́rú, ilẹ̀ ti ṣú.

Ojú ewé kan ṣoṣo ni mo kọ láti àárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo sì pa òun náà rẹ́. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1828 ni, ní Edinburgh, ilẹ̀ Scotland. William Burke wà ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó ń mu ọtí àárọ̀, ni obìnrin arúgbó kan bá wọlé, ó ń tọrọ bárà. Burke béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní Docherty. Ó béèrè ibi tó ti wá, ó ní Ireland, ọmọ òun ọkùnrin lòun ń wá kiri. Ilẹ̀ Ireland ni Burke náà ti wá. Ló bá ní Docherty ni orúkọ ìyá tó bí òun lọ́mọ náà, kí ó jẹ́ kí àwọn lọ sílé lọ jẹun. Obìnrin náà tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a láyé.

Ẹ wá wo bí èmi náà ṣe ń pe ìyá arúgbó ní "ó" láti òkè wá. Ibi tí mo há sí gan-an nìyẹn.

Burke ni "mo" nínú ìwé tí mò ń kọ. Òun ló ń ròyìn fún òǹkàwé láti orí kìn-ín-ní dé ìparí, kò sí ẹlòmíì tó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n dán an wò ni pé ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ kó tó kú. Nínú ẹ̀wọ̀n, lóṣù Kìn-ín-ní 1829, ó jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ti múra sílẹ̀ fún ohùn ẹhànnà. Ohùn ọlọ́jà tó ń ṣírò owó lálẹ́ ni mo bá pàdé.

Òkú ni Burke àti William Hare, ẹnìkejì rẹ̀, ń tà fún dókítà. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ tà, wọn kò pa á. Bàbá kan tó ń jẹ́ Donald ni, ológun àtijọ́, ó ń gbé nílé William Hare ní Tanner's Close. Ara wíwú ló pa á ní ìparí 1827, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù díẹ̀ kó wọlé, ó sì jẹ Hare ní pọ́n-ùn 4. Hare àti Burke yọ òkú nínú pósí, wọ́n kó èèpo igi tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń lò síbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbé èèpo igi lọ sin. Òkú gangan, wọ́n gbé e lọ bá Dókítà Robert Knox ní Surgeons' Square. Ó ju 400 ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ tó ń wo Knox bó ṣe ń la òkú, òkú tí òfin yọ̀ǹda kò sì tó nǹkan. Pọ́n-ùn 7 àti ṣílè 10 ni wọ́n gbà. Hare mú pọ́n-ùn 4 àti ṣílè 5, Burke mú pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 5. Lẹ́yìn èyí, iye owó di pọ́n-ùn 10 nígbà òtútù, 8 nígbà ooru. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò kú fúnra rẹ̀ mọ́. Ènìyàn 16 ni wọ́n pa, kò sì pé ọdún kan.

Nínú ìjẹ́wọ́ yẹn, Burke mọ iye tí wọ́n gbà. Orúkọ ńkọ́? Obìnrin kan báyìí, ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó parí.

Ó tún sọ pé òun kì í lè sùn láìtan àbẹ́là pẹ́nì méjì mọ́jú, pé ìgò ọtí wisikí máa ń wà lẹ́bàá ibùsùn òun, bí òun bá ta jí lóru òun á gbé e sẹ́nu. Mo fẹ́ràn àbẹ́là yẹn débi pé orí mẹ́ta ni mo tàn án sí, kí n tó rí i pé èmi ni mò ń wá ẹ̀rí-ọkàn fún un. Mo pa méjì rẹ́. Ẹṣin, mi ò lè yọ ọ́. Wọ́n kó òkú sínú àgbá ẹja, wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ẹṣin rìn dé àárín ọ̀nà, ó ní òun kò lọ mọ́. Wọ́n nà án títí, kò mi. Aláàárù ló bá wọn gbé àgbá náà dé ọ̀dọ̀ Knox, wọ́n sì yìnbọn pa ẹṣin. Bí mo bá hùmọ̀ irú rẹ̀ fúnra mi, òǹkàwé á ní mo ti ń parọ́ jù.

Ìyá Docherty ló wá dá mi dúró. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni Burke yóò fi bá ọmọdé àti arúgbó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò fura. Lọ́dọ̀ tiwa, ó gbọ́dọ̀ yàn. Bó bá sọ fún ìyá àgbà pé "ìwọ, tẹ̀ lé mi", ta ni yóò tẹ̀ lé e? Nǹkan bí ọdún 36 ni ọkùnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kò sí bí kò ṣe ní bọ̀wọ̀. Ni mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Màmá, ẹ kú ìrìn. Ọmọ yín ni mí. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, kí ẹ fi nǹkan panu." Bó sì ṣe ń ròyìn, ó ń sọ pé: mo bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lálẹ́, a jó, àwọn náà jó, a bu ọtí fún wọn.

Ara mi bu máṣọ nígbà tí mo ka a síta. Ohùn ọmọ gidi tó ń tọ́jú ìyá ni. N kò mọ ibi tí mo ti lè sọ pé ó pa wọ́n, nítorí kò sí bí ẹnu yẹn ṣe lè sọ ọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀jẹ̀, ó dà bí ìròyìn ẹlòmíì. Ìgbà kẹrin ni mo fò ó. Wọ́n ní oorun ń kun àwọn, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: "Mo kó koríko bò ó."

Àbúrò mi jókòó lẹ́yìn mi, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni 'ó'?"

Mo ní ìyá náà ni.

Ó dákẹ́. "Ìgbà wo ni wọ́n kú? Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ní kó tún un kà fúnra rẹ̀. Ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó dá a padà, ó sì dìde lọ sí yàrá rẹ̀ láìkí mi pé ó dàárọ̀. N kò pa á rẹ́ mọ́.

Ohun tó wá kù fún mi ni ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ Ann Gray. Òun àti ọkọ rẹ̀, tálákà paraku, ló ń gbé lọ́dọ̀ Burke, ilé Hare ni wọ́n ní kí wọ́n lọ sùn lálẹ́ yẹn. Ann dé láàárọ̀, ó béèrè ìyá àná. Helen tó ń bá Burke gbé ní òun ti lé e jáde, ó ń wojú ọkọ òun jù. Ann fẹ́ mú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ nítòsí koríko ẹsẹ̀ ibùsùn, Burke jágbe mọ́ ọn. Nínú ìwé mi, Ann nìkan ló kù nínú ilé náà tó ṣì ń sọ pé "wọ́n": ṣé wọ́n ti lọ ni, ṣé wọ́n jẹun kí wọ́n tó lọ?

Lálẹ́, òun àti ọkọ rẹ̀ ká koríko náà, wọ́n rí wọn. Helen fi pọ́n-ùn 10 lọ́sẹ̀ lọ tọkọtaya náà kí wọ́n lè panu mọ́, wọn kò gbà, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n gbà lọ. Kò sí ibi tó wù mí kọ tó ibẹ̀ yẹn nínú gbogbo ìwé yìí. Burke kò sì sí nílé. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òun ni "mo", níta ni èmi náà yóò wà, níbi ọtí, títí ẹnìkan yóò fi wá sọ fún un.