Kílò Mẹ́ta Gàrí Lójú Ọ̀nà Santiago

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn, tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ fẹsẹ̀ rin kìlómítà tó lé ní 100 ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni pé, "Kí ló ṣe mọ́tò?" Mo ṣàlàyé fún un pé ìrìn-àjò mímọ́ ni, pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago de Compostela, níbi tí àwọn Kátólíìkì gbà pé ibojì Jákọ́bù Mímọ́ wà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹni tó lọ sí Jerúsálẹ́mù ń jẹ́ J.P., ẹni tó lọ sí Mẹ́kà ń jẹ́ Alhaja, bàálù ni wọ́n sì wọ̀ lọ. Ìwọ tí o fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, kí la ó máa pè ọ́ bí o bá dé?" N kò rí èsì fún un. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan tì í, pé búrẹ́dì kì í gbé èèyàn gun òkè, kí n má ṣe gbàgbé gàrí.

Mo múra, n kò parọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń rìn ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé lórí Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ayé àtijọ́ ń gbà lọ sí Canterbury, tí ó sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì àwa aláwọ̀ dúdú ni ó kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lónìí. Mo ra bàtà tí ó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń wú bí a bá rìn jìnnà, mo sì ń wọ̀ ọ́ títí òun àti ẹsẹ̀ mi fi mọ ara wọn. Àpò ẹ̀yìn mi náà ń bá mi lọ, ó kún, ó dúró ṣánṣán, àwọn ènìyàn sì ń kí mi kú iṣẹ́. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ìrọ̀rí méjì ni mo kó sínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo di ẹrù gan-an ni òótọ́ dé. Àwọn tó mọ ọ̀nà náà sọ pé kí àpò má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ẹni lọ. Kílò 78 ni mo wọ̀n, ohun tí ó yẹ kí n gbé kò ju kílò 8 lọ, àmọ́ ìwọ̀n sọ pé 12. Mo jókòó ti ẹrù náà bí adájọ́. Mo yọ ṣòkòtò kan, mo yọ ìpara, mo yọ ìwé tí mo fẹ́ máa kà, mo sì yọ ìbòrí tí wọ́n fi ń bo àpò nígbà òjò, nítorí pé oṣù kẹfà ni, oòrùn Sípéènì sì lókìkí. Gàrí kílò mẹ́ta tí mo rà ní Peckham wà níbẹ̀, ó ń wò mí. N kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí wa.

Ìwà ọmọlúàbí ló wá kó bá mi. Mo ti gbọ́ pé nínú àwọn ilé ìsùn tí wọ́n ń pè ní albergue, níbi tí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn ti ń sùn nínú yàrá kan lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, kò sí ẹni tí wọ́n kórìíra tó ẹni tí ó ń tú ọ̀rá láago márùn-ún ìdájí, tí ariwo ọ̀rá náà á sì gba gbogbo yàrá. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ iyì oorun. Mo da gàrí kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, mo dà á sínú àpò aṣọ funfun kan tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo sì fi okùn so ó lẹ́nu. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi.

Sarria ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Compostela gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rin kìlómítà 100 ó kéré tán, kí ó sì máa gba òǹtẹ̀ lójú ọ̀nà sínú ìwé pélébé kan, credencial. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Mo ń tẹ̀lé àwọn ọfà aláwọ̀ ìyeyè tí àlùfáà kan, Elías Valiña, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sójú ọ̀nà ní nǹkan bí ọdún 1984, gbogbo ẹni tó bá kọjá ń kí mi ní "Buen Camino", mo sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí n kò fẹ́ gbà pé mo rí ni pé ilé oúnjẹ pọ̀ lọ́nà náà: kọfí gbígbóná, búrẹ́dì, ẹyin tí wọ́n fi pòtétò dín. Mo gbé gàrí mi kọjá níwájú wọn.

Ní Portomarín, níbi tí mo sùn, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọ́n tú palẹ̀ ní òkúta kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọdún 1960, tí wọ́n sì tún un kọ́ sí orí òkè, kí odò Miño tí wọ́n fẹ́ sé má baà bò ó mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àwọn òkúta náà ṣì hàn. Mo wò ó títí, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé bí àwọn wọ̀nyí bá lè gbé odindi ṣọ́ọ̀ṣì gun òkè, èmi náà á gbé gàrí.

Lọ́jọ́ kejì, òjò bẹ̀rẹ̀ kí n tó kúrò nílùú. Kì í ṣe òjò ńlá, wẹliwẹli lásán ni, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́. Mo ní ẹ̀wù òjò, àpò mi ni kò ní. Lẹ́yìn wákàtí méjì, mo ṣàkíyèsí pé àpò náà ń wúwo sí i. N kò rò ó sí òjò rárá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù nípa ẹrù ẹ̀ṣẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ohun tí Ọlọ́run mú mi wá síbí fún ti ń ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ mi láti orí owó ẹ̀gúsí tí mo yọ nínú owó ọjà ìyá wa ní ọdún 1974. Àpò tún wúwo sí i. Mo dárí ji ìyá ọkọ mi. Ó tún wúwo sí i. Mo dárí ji obìnrin tí ó kó owó àjọ wa sá lọ, àmọ́ n kò dá a jì tán, ejìká mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ni mo bá padà, mo dárí jì í tọkàntọkàn, pẹ̀lú èlé orí rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ń kọjá àwọn àká wọn, hórreo, tí wọ́n kọ́ sórí ẹsẹ̀ òkúta kí ọ̀rinrin àti eku má baà dé ibi àgbàdo. Mo ya fọ́tò mẹ́ta. Mo yin àwọn ará Galicia pé wọ́n mọ bí a ṣe ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ òjò. Ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi pè mí pé ohun funfun kan ń kán ní ìdí àpò mi. Mo ní kó má ṣèyọnu, omi òjò ni.

Palas de Rei ni mo ti ṣí àpò. Gàrí ti wú. Kílò mẹ́ta ti mu omi títí ó fi já okùn tí mo so, ó jáde, ó wọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó di bàǹtẹ́ mọ́ra wọn, ó jókòó sínú Bíbélì mi láti Ìwé Jóòbù títí dé Orin Dáfídì, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Èmi tí n kò fẹ́ kí ariwo ọ̀rá jí ẹnikẹ́ni, gbogbo ilé ló dìde dúró yí bẹ́ẹ̀dì mi ká. Ìyá tó ń tọ́jú ilé náà wọlé, ó yọjú wo inú àpò, ó sì fi àmì àgbélébùú sára.

Omi kò dé àárín rẹ̀, mo dúpẹ́. Mo gbẹ́ nǹkan bí ife méjì gàrí gbígbẹ jáde, mo da omi tútù sí i, mo fi ṣúgà tí mo kó nílé kọfí sí i. Ará Jámánì náà tọ́ ọ wò. Ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tó jẹ ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì tún na ṣíbí.

Láti ibẹ̀ dé Santiago, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò. Kò sí ohun tí ó ṣe ejìká mi mọ́, àmọ́ ó ń ká mi lára díẹ̀ pé mo ti dárí ji obìnrin owó àjọ yẹn nígbà tí kò sí ọwọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì ronú láti Arzúa dé Monte do Gozo bóyá a lè gba irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀ padà. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, ojú ìwé méjì nínú credencial mi ti lẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rọra là á, ó fi èékánná yọ hóró kan kúrò lórí òǹtẹ̀ Palas de Rei, ó gbé e sókè síbi iná, ó sì wò mí. Mo ní "pan", búrẹ́dì, nítorí pé ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ nínú èdè wọn tó sún mọ́ ọn.

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, gàrí ló kọ́kọ́ béèrè. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wá ní, "Gàrí wo gan-an ni?"

Mo ní, "Ti Ìjẹ̀bú ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

Ó dákẹ́ lórí fóònù bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.