Ata Chengdu kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún

Àǹtí mi fi voice note ránṣẹ́ lánàá: "Ìwọ ṣá ń jayé ní tìẹ, ò ń wo panda, ò ń jẹ ata bíi wa." Fọ́tò tí mo fi sí status ni wọ́n rí. Ó dùn mí o. Wọn ò mọ̀ pé mo ti bá VPN, áàpù tó ń ṣí ohun tí wọ́n dí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fà á títí kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, torí WhatsApp kì í dédé ṣí ní Ṣáínà, níbi tí mò ń gbé ní ìlú Chengdu.

Òótọ́ ni, mo lọ wo panda, irú béárì dúdú-funfun kan, ní ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Ọdún 1987 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, panda 6 tí wọ́n gbà là nínú igbó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ kùtù lèèyàn ń lọ, torí tí oòrùn bá ti mú, oorun ló kù. Èyí tí mo dúró wò fẹ̀yìn tigi, ó ń feyín bó ọparun bí ẹni ń jẹ ìrèké, kò wojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní tó bá ti dàgbà, ńṣe ló máa ń dá gbé. Mo wò ó títí.

Ata wọn ò jọ rodo tiwa. Wọ́n ń fi huajiao sí i, èso wínníwínní kan tó máa ń jẹ́ kí ètè kú bí ìgbà tí dókítà eyín bá gúnni lábẹ́rẹ́, ìyẹn ti mọ́ mi lára, hotpot wọn ni ò mọ́ mi lára: ìkòkò kan láàárín tábìlì, ọbẹ̀ pupa ń hó, gbogbo ẹbí á máa ti ẹran bọ̀ ọ́. Kì í ṣe oúnjẹ ẹnì kan. Lọ́jọ́ ìbí mi mo dá lọ, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wò mí, ó lọ gbé bèbí onírun kan wá, ó gbé e jókòó síwájú mi kí n má baà dá jẹun. Àánú mi ló ṣe é. Omijé bọ́ lójú mi, mo ní ata ni.

N'Íbàdàn, iná, epo, owó ọkọ̀, ẹ mọ gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ìyá alámàlà àdúgbò wa, tí mi ò bá yọjú lọ́jọ́ méjì, wọ́n á rán ọmọ wá wò mí. Níbí, ọdún 3 ni mo ti wà ní àjà 17, mi ò morúkọ ẹni tá a jọ pín ògiri.

Mi ò sọ pé wọ́n burú o. Mo máa ń wọ tírénì abẹ́ ilẹ̀ délé láago 10 alẹ́, ẹnì kan ò fọwọ́ kan báàgì mi rí. Owó iléèwé àbúrò mi, ibí ló ti ń wá, ìyẹn ni mi ò fi tíì padà, kì í ṣe panda.

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún pè, ẹ bi mí pé ta la jọ jẹun.