Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ará ilé yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mò ń wáṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ SC

Ẹ̀yin tí a jọ ní ẹ̀jẹ̀ SS tàbí SC, ìyẹn àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń bí mọ́ni tí wọ́n ń pè ní dirépánò, tí ẹ ń gbé ìwé ìwáṣẹ́ kiri Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ àìsàn yín sínú CV. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn ará ilé yín, kí wọ́n má bá yín sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, nítorí náà bí ohùn mi bá le, ẹ bá mi fara dà á.

Wọ́n ti gbà mí sí ilé ìtajà kan tó ń ta símẹ́ńtì àti irin lápá Ouando, pé kí n máa bá wọn ṣírò owó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló yẹ ìwé mi wò, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé ká tọwọ́ bọ kọ́ńtírà. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ni Tàńtí mi pàdé ìyàwó ọ̀gá níbi ìsọmọlórúkọ. Tàńtí fẹ́ràn mi. Àwọn ni wọ́n máa ń pọ̀n mí lọ sí ọsibítù nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n ṣe mí jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ọmọ náà o, ẹ má jẹ́ kó gbé nǹkan wúwo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dáa."

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn alágbàrù ń já símẹ́ńtì nínú kàmíọ̀n nígbà tí mo dé, eruku rẹ̀ bo bàtà tuntun tí mo wọ̀. Ọ̀gá ò pè mí wọ bùró. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kọ́ńtírà wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tiẹ̀ rí orúkọ mi lára rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni pé o ní dirépánò?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, SC ni. Kì í dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́."

"Àwọn tí kì í pé ọgbọ̀n ọdún yẹn? Ṣé ọ̀dọ̀ mi lo wá fẹ́ kú sí ni?"

Ọmọ ọdún 32 ni mí lọ́jọ́ tó ń sọ ọ́. Àwọn alágbàrù dúró. Ọ̀kan nínú wọn gbé àpò símẹ́ńtì sórí, kò sọ̀ ọ́, kò sì rìn, ó kàn ń wò mí. Obìnrin kan tó wá ra ìṣó ní "Háà!", ó sì sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àfi bí ẹni pé àìsàn tí wọ́n bí mọ́ mi lè ràn án. Ọ̀gá ká kọ́ńtírà sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Lọ tọ́jú ara rẹ, ọmọ mi." Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mi ò sì mọ ohun tí mo tún lè fi ara mi ṣe níwájú gbogbo èèyàn yẹn. Lóru, eegun itan mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìrora yẹn, mi ò ní ṣàlàyé.

Mo rí iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Èmi ni mò ń gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí.

Ẹnì kan ti sọ fún mi pé mò ń bú àgbà. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Aájò ni Tàńtí ṣe, ṣùgbọ́n aájò yẹn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ bá àwọn ìyá, àwọn ẹ̀gbọ́n, àti ọkọ pàápàá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó jáde nílé.

Ohun tí ẹ nílò lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ sọ, kì í ṣe orúkọ àìsàn. Nílé ẹ̀kọ́ yìí, mo dákẹ́ títí àkókò tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò fi parí, torí láàárín rẹ̀ wọ́n lè ní kéèyàn máa lọ láìsọ ìdí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá màdáàmù: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo gbọ́dọ̀ máa mu omi léraléra, òtútù ẹ̀rọ amúlétutù yìí ò sì bá mi lára mu." Wọ́n ní, "Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Wọ́n sì ní kí wọ́n gbé tábìlì mi sẹ́bàá fèrèsé. Bẹ́ẹ̀, àìtó omi àti òtútù wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa ká kọ́rọ́, tó sì ń dí iṣan. Ẹ má pè é nírọ́. Wọn ò bi mí lórúkọ àìsàn, mi ò sì sọ pé ara mi dá ṣáṣá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹrù gbígbé tàbí ọdẹ òru nígbà ọyẹ́ ni, ẹ má gbà á rárá.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ohun tó yẹ kó kọ sí ọ̀gá kò ju pé ẹ lè ṣe iṣẹ́ náà tàbí ẹ ò lè ṣe é. Òfin di dókítà lẹ́nu. Kò sí òfin tó di Tàńtí lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ibì kan náà ni mò ń padà sí.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí kọ́ńtírà yín máa parí pẹ̀lú. Láti ìgbà tí òfin ìgbanisíṣẹ́ 2017-05 ti dé ní Benin wa, kọ́ńtírà tó ní ọjọ́ ìparí ṣeé tún ṣe láìníye, nítorí náà ọ̀gá tí kò bá fẹ́ yín mọ́ kò nílò láti lé yín, yóò kàn jẹ́ kọ́jọ́ pé ni. Oṣù Kejìlá ni tèmi máa parí. SC máa ń bá ojú jà, ó yẹ kí dókítà ojú máa rí mi lọ́dọọdún, mo sì ní láti gbàyè ọjọ́ kan fún un. Bí wọ́n bá ti tọwọ́ bọ kọ́ńtírà mìíràn ni màá tọrọ ọjọ́ náà. Tàńtí ti ní àwọn ń bọ̀ wá kí màdáàmù fún ọdún. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀bùn náà fún mi, èmi á bá wọn mú un dé ọ̀dọ̀ màdáàmù.