Ìtọ̀ Tí Ń Jò Lẹ́yìn Ìkúnlẹ̀

Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi ni mo sín bí mo ti ń gbé korobá omi, tí ìtọ̀ sì dà sí mi lára. Ìyá mi, tí ó wá bá mi wẹ ọmọ, sọ pé bí abiyamọ ṣe ń rí nìyẹn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo ti gbọ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń sọ irú rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀.

Lábẹ́ egungun ìbàdí, láti iwájú abẹ́ títí dé ìdí, àwọn iṣan kan tẹ́ síbẹ̀ bí ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. Àwọn ni wọ́n gbé àpò ìtọ̀, ilé-ọmọ àti ìfun ìsàlẹ̀ ró, àwọn náà ni wọ́n sì ń fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ àti ti ìgbẹ́ pa nígbà tí a bá wúkọ́, tí a bá rẹ́rìn-ín tàbí tí a bá gbé ẹrù. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé bí orí ọmọ bá ń jáde, apá kan nínú àwọn iṣan yìí máa ń nà ju ìlọ́po 3 gígùn rẹ̀ lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a máa padà sípò, ṣùgbọ́n ti àwọn obìnrin mìíràn a máa ya kúrò lára egungun tí ó so mọ́, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé irin tí wọ́n ń pè ní fọ́sẹ́ẹ̀pù ni wọ́n fi fa ọmọ.

Ọmọ mi kejì fi ìdí síwájú, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbà á. Àwọn kan bá mi kẹ́dùn pé n kò bí i bí obìnrin Hébérù, ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí gan-an. Àwọn mìíràn ní ara mi nísàlẹ̀ yóò kúkú wà bó ṣe wà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nọ́wè, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2003, tí ó kan àwọn obìnrin tí ó lé ní 15,000, ìdá 10.1 nínú 100 àwọn tí kò bímọ rí ni ìtọ̀ ń jò lára wọn. Ó jẹ́ 15.9 láàárín àwọn tí iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n fi bímọ, ó sì jẹ́ 21.0 láàárín àwọn tí ó bí lójú ara. Iṣẹ́ abẹ dín ewu náà kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n oyún tí ó ti wúwo lé àwọn iṣan náà fún oṣù mẹ́sàn-án ti ṣe tirẹ̀. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó yan iṣẹ́ abẹ nítorí ìtọ̀ nìkan, nítorí pé àpá tí ó wà lára ilé-ọmọ lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú oyún tí ń bọ̀.

Lẹ́yìn ọmọ kejì yìí ni mo tó rí físíò, ìyẹn oníṣègùn tí ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, tí ó kọ́ mi ní eré ìdárayá tí Arnold Kegel, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1948. Ó ní kí n fún ìdí pa bí ẹni tí kò fẹ́ kí isó bọ́ láàárín àwùjọ, kí n sì fà á gòkè síwájú bí ẹni tí ó ń dá ìtọ̀ dúró, láìsé èémí, láìfún itan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ta lóòjọ́, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta, ó sì kìlọ̀ pé kí n má sọ ọ́ di àṣà láti máa ṣe é nígbà tí mo bá ń tọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí àwọn àgbà ní kí n máa jókòó sí tù mí lára, ṣùgbọ́n kì í fún iṣan lágbára. Ẹni tí ó bá ń rí i pé nǹkan ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ara òun, tàbí tí kò lè mú ìgbẹ́ dúró, kí ó tètè lọ rí dókítà.

Nígbà tí mo lọ fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n wọn ọmọ, wọ́n béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi àbúrò mi nígbà tí tirẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bóyá ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín?”